Ẹran Abẹ́ Ahọ́n

Ẹjọ́ mi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sun àǹtí mi ní Ilé-Ifẹ̀ ni pé n kì í kí èèyàn.

Mi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Ìyá tó ń gbé yàrá iwájú dá àǹtí mi dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́, ọmọ tẹ́ ẹ mú wá láti Kútọnu yìí, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Á kúnlẹ̀, á wá máa wò mí. Kò ní kí mi, kò sì ní dìde. Ẹ̀rù ẹ̀ ti ń bà mí."

Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Orúnkún mi méjèèjì á kan ilẹ̀, màá la ẹnu, "ẹ" tó yẹ kó ṣíwájú "káàárọ̀" á sì jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Kò ní jáde, kò ní padà sẹ́yìn. Nílé wa ní Kétu, ìlú Yorùbá kan ní ìhà Kútọnu, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé mo máa ń kólòlò. Tí mo bá ti kúnlẹ̀ báyìí, wọ́n á ti dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́: "A dúpẹ́, ọmọ mi, dìde." Mi ò mọ̀ pé oore ni wọ́n ń ṣe fún mi, àfìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń dúró kí n sọ ọ́ tán.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Àǹtí Sàfù, àbúrò bàbá mi, ló ní kí wọ́n fún àwọn ní ọmọ kan, kí àwọn fi í sí ilé ìwé ní Ifẹ̀, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ wọn ti kú, wọn ò bímọ, wọ́n ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìlódè. Wọ́n fẹ́ràn mi púpọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, ìfẹ́ ni wọ́n fi fẹ́ ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, mo rí ibi kan sá pamọ́ sí. Àwọn ará Ifẹ̀ gbà pé ẹni tó bá ti ìhà Kútọnu wá kò lè gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mi ò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Yorùbá la fi ń gbàdúrà nílé wa, òun la fi ń bú ara wa. Lóòótọ́, ti Kétu yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n tiwọn náà yàtọ̀ sí ti inú rédíò, kò sì sẹ́ni tó ń pe àwọn ní àjèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá há mi lẹ́nu, tí ojú mi pọ́n, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń gbọ̀n, ẹni tó wà níwájú mi á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Rọra, rọra, Faransé ló kún ẹnu ẹ." Á sì bá mi wá ọ̀rọ̀ náà. Màá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá burú jù, màá ju ọ̀rọ̀ Faransé kan sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi. Àǹtí mi ní tiwọn rò pé ojú ló ń tì mí. Mo yàn láti jẹ́ àlejò, torí lójú mi àlejò sàn ju akólòlò lọ.

Ní Kétu, wọ́n kọ́ wa pé Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá. Mo ti rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá dé ibẹ̀, ara mi á balẹ̀, pé ilẹ̀ náà á mọ̀ mí. Àṣé èèyàn lè dé ibi tí gbogbo ayé ti ṣẹ̀ wá kó má rí ẹnì kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá máa fi Yorùbá Kétu bá ara mi sọ̀rọ̀, torí tí mo bá dá wà, n kì í kólòlò rárá.

Rẹ́jísítà ilé ìwé ló tú mi fó. Tíṣà kíláàsì wa kì í gbójú sókè tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á pè, ẹni tí wọ́n pè á ní "Present, ma," wọ́n á fi bírò sàmì. Èmi ni ẹnì kẹrìndínlógún. Láti orí ẹnì kẹwàá ni mo ti máa ń ka iye ẹni tó kù kó tó kàn mí. Ètè mi á pa dé mọ́ "p" yẹn, kò ní ṣí. Tíṣà á dúró díẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ẹni tó kàn. Ìlà kejì ni mò ń jókòó, mo sì ń wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ pé mi ò wá. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mi ò fi wá sí ilé ìwé, bí mo ṣe ń wá lójoojúmọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àǹtí mi. Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì.

"Ọ̀dọ̀ ọkùnrin wo lo máa ń lọ?" Níwájú gbogbo èèyàn ni àǹtí mi ti bi mí.

Mo la ẹnu. Omijé nìkan ló jáde. Àǹtí Sàfù gbà pé ẹ̀rí nìyẹn, wọ́n sì gbá mi létí. Dúpẹ́, ọmọbìnrin tá a jọ ń lo àga, tí wọ́n pè wá láti wá sọ ohun tó mọ̀, ló pariwo pé, "Ó máa ń wà níbẹ̀, mà! Ojoojúmọ́ ló máa ń wà níbẹ̀! Kì í lè dáhùn ni!"

Àǹtí mi yíjú sí mi, wọ́n sì ń wò mí títí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan.

"Háà," wọ́n ní. "Èyí tó ṣe bàbá ẹ náà ni."

Ojú ti tíṣà gan-an. Àwọn ló sọ fún wa pé obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá tó ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ máa ń há lẹ́nu. Àǹtí Sàfù dúpẹ́. Bá a ṣe ń lọ sílé, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń bẹ̀ mí nítorí ìgbátí náà. Wọ́n ní, "Má sunkún mọ́. Mo mọ ohun tá a máa ṣe. Ẹran tín-ín-rín kan ló wà lábẹ́ ahọ́n, òun ló ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí bàbá ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n bá wọn gé e. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kólòlò mọ́. Ojú mi ló ṣe."

Wọ́n mọ ọkùnrin kan ní Ìpetumodù tó mọ̀ ọ́n gé. Ó wá wò mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti ń retí èèyàn búburú, ṣùgbọ́n ẹni jẹ́jẹ́ ni. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ọṣẹ ń ta sánsán lára rẹ̀, ó sì bèèrè omi láti fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn mí. Ó ní kí n kọjú sí fèrèsé. Ó fi ìka gbé ahọ́n mi sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ń kùn yùnmùyùnmù.

"Ó wà níbẹ̀," ó sọ fún àǹtí mi. "Ó nípọn díẹ̀. Tá a bá ti mú un kúrò, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn."

"Ṣé ó máa dùn ún?"

"Ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ wá abẹ tuntun, ẹ wá iyọ̀. Kó má fẹnu kan ata lọ́jọ́ náà. Ẹ sì wá ẹni méjì tó máa dì í mú."

Ó sọ ọ́ bí àǹtí mi ṣe máa ń sọ fún oníbàárà pé kó mú síìpù àti òwú wá. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pa mí lórí, ó ní ọmọ dáadáa ni mí.

Àǹtí Sàfù kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ dí. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ gbìyànjú ti ilé ìwòsàn ná. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje ká gba ọlidé. Bí kò bá tíì lọ ní ọjọ́ tá a bá gba ọlidé, Ìpetumodù ni lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ra abẹ tuntun kan, wọ́n fi í sínú agolo tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì sí. Èmi ni mo máa ń bá wọn mú bọ́tìnnì.

Orúkọ obìnrin ilé ìwòsàn náà ni Àǹtí Yẹmí. Mi ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, mo tì í sí iwájú wọn: Ṣé ẹ̀yin náà máa gé e ni?

Wọ́n kà á. Wọ́n wá la ẹnu tiwọn, wọ́n gbé ahọ́n sókè fún mi kí n wò ó. "Tèmi nìyí. Gbogbo èèyàn ló ní i," wọ́n ní. "Na ahọ́n ẹ síta. Fi kan òkè ẹnu. Ṣó o rí i? Kò sí ohun tó ṣe é. Kì í ṣe ahọ́n ló ń mú ẹ kólòlò."

Inú mi dùn títí wọ́n fi sọ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣèlérí pé yóò lọ. Wọ́n ní ohun tí àwọn lè kọ́ mi ni bí màá ṣe máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìbẹ̀rù, pé èyí sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀sẹ̀ méje ló wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé fún wọn.

Wọ́n pe àǹtí mi wọlé, wọ́n ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n má gbé abẹ sí mi lẹ́nu. Àǹtí Sàfù gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mà, Ọlọ́run á san yín lóore." Nígbà tá a jáde, wọ́n ní, "Inú ìwé làwọn yẹn ti rí tiwọn. Èmi fojú ara mi rí ti bàbá ẹ."

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí mo kọ́ nílé ìwé fún àwọn. Wọn kì í bínú. Wọ́n á fara balẹ̀ gbọ́ mi bí mo ṣe ń jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Tí mo bá parí, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Kò tíì lọ." Ohùn wọn máa ń tutù, èmi náà sì máa ń tutù pẹ̀lú rẹ̀.

Àǹtí Yẹmí kọ́ mi bí màá ṣe máa rọra tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n má máa fi agbára tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n fún mi ní iṣẹ́ tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí n lọ sí Ẹnuwá, kí n bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ibi tí ààfin wà, kí n sì mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò nígbà tí mo bá ń bi wọ́n. Dúpẹ́ tẹ̀ lé mi. Ààfin wà níwájú wa gbàràgàdà.

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòòrùn ni mo kọ́kọ́ lọ bá. "Ẹ j-j-jọ̀ọ́ sà, n-n-níbo ni ààfin wà?"

Ó wo ààfin, ó wò mí. "Kí lò ń wò níwájú ẹ yẹn?"

"Mo m-mọ̀ ọ́n, sà."

"O mọ̀ ọ́n, o wá ń béèrè? Ta ló rán yín sí mi lónìí?"

Dúpẹ́ ti ń fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. Mo fẹ́ sá. Mo wá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi: "Akólòlò ni mí, sà. W-wọ́n ń kọ́ mi bí màá ṣe máa sọ̀rọ̀."

Ó gbé fóònù tó ń tún ṣe sílẹ̀. "Ìwọ kì í ṣe ọmọ ibí."

"Kétu ni mí."

"Kétu? Ibí náà lẹ ti lọ. Káàbọ̀ o." Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rọrùn. Gbogbo àárọ̀ tí mo ti ń fi jẹ́ ará Kútọnu, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀. Ọjọ́ tí mo ní akólòlò ni mí ni wọ́n kí mi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí, mo ṣì ń gbé Ifẹ̀, mo ṣì ń kólòlò, mo sì máa ń rántí ọkùnrin yẹn tí mo bá kọjá ní Ẹnuwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun á ti gbàgbé mi.

Mo fò dé ilé lọ́jọ́ náà. Mo bá ìyá yàrá iwájú lórí ìjókòó pẹ̀lú àǹtí mi. Àṣé àǹtí mi ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wà lára ẹni méjì tó máa dì mí mú. Ìyá náà fà mí mọ́ra. "Má bẹ̀rù," wọ́n ní. "Màá rọra dì ẹ́ ni. Wàá wá lè máa kí mi dáadáa."

Mo bẹ àǹtí mi lọ́jọ́ náà, mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní bẹ̀ wọ́n. Wọ́n nu ojú mi, wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ló fọwọ́ sí i. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn lórí fóònù, wọ́n sì dá mi lóhùn. Àwọn nìkan ló lè ní kí n má ṣe é."

Bàbá mi, lórí fóònù! Ìyá mi ló máa ń gbé fóònù nílé wa. Bí bàbá mi bá gbé e rí, wọn kì í sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn fi èékánná kan ara fóònù lẹ́ẹ̀méjì kí èèyàn lè mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àǹtí mi máa ń pe Kétu. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n gbé fóònù fún mi kí n kí ìyá mi, mo sì fẹ́ ní kí ìyá mi bẹ bàbá mi pé kí wọ́n kọ̀ fún àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ á há. Ìyá mi á máa pariwo lọ́hùn-ún: "Hẹlo? Hẹlo? Nẹ́tíwọ̀kì tún ti lọ!" Fóònù á kú. Mo máa ń gbé e létí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kú. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin ká gba ọlidé. Mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ara bùláòsì kan, mò ń gbìyànjú láti rántí ohùn bàbá mi kí n lè mọ bí màá ṣe bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò rí i rántí. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń súfèé pe ewúrẹ́. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ pè wá. Bí àlejò bá dé, ìyá mi ló ń dáhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan, wọ́n á nawọ́ sí i. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn wọ́n pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé wọn kì í sọ̀rọ̀ jù. Mo wá odidi gbólóhùn kan tí bàbá mi sọ rí, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ọ̀kan.

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ kán sí ara bùláòsì oníbàárà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi ti yé mi. Wọ́n máa gé mi, ẹ̀rù á bà mí, màá dákẹ́. Àǹtí mi á wá máa sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ẹ wò ó, kò kólòlò mọ́." Inú wọn á máa dùn sí mi títí láé.

Ọjọ́ Jímọ̀ la gba ọlidé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, àǹtí mi ń ránṣọ, iyọ̀ wà lórí tábìlì. Wọ́n tẹ nọ́ńbà Kétu, wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ kí n kí ìyá mi. Fóònù lọ. Kò sẹ́ni tó ní hẹlo. Mo gbọ́ èémí, mo wá gbọ́ èékánná: kọ̀, kọ̀.

"B-b-bàbá," mo ní. "Ẹ m-má pa á. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Mò ń k-kólòlò ni. Ẹ dúró dè mí."

Wọ́n dúró. Mo sọ ọ́. Ó pẹ́ gan-an, mi ò lè sọ fún yín bó ṣe pẹ́ tó. Mo sọ pé ọ̀la ni wọ́n máa gé mi lábẹ́ ahọ́n. Mo ní, "Wọ́n ní tiyín lọ." Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́ lẹ́yìn mi. Mo tẹ sípíkà, mo gbé fóònù sórí tábìlì láàárín àǹtí mi àti èmi.

"Bàbá, ṣ-ṣé lóòótọ́ ló lọ?"

Mo rò pé wọ́n á tún fi èékánná kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan, ó ń jà, ó ń dúró, ó tún ń jà. Mo mọ ìró náà dáadáa, torí inú ọ̀fun tèmi ló máa ń wà.

"K-k-k… kò… kò l-l-lọ."

Àǹtí Sàfù fọwọ́ di etí tábìlì mú. "Bọ̀ọ̀dá mi? Ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé kí n mú un lọ! Ẹ kan fóònù lẹ́ẹ̀méjì!"

"Mo… mo k-k-kàn gb-gbọ́ ni. M-m-mi ò… mi ò f-fọwọ́ sí i."

"Ṣùgbọ́n tiyín lọ! Gbogbo wa la rí i pé ó lọ!"

A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Mo k-kàn… mo kàn d-d-dákẹ́ ni, Sàfù."

Àǹtí mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àgékù aṣọ. "Èmi ni mo di ẹsẹ̀ wọn mú," wọ́n ń sọ fún mi, wọ́n ń sunkún. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n gé wọn. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tàpá." Wọ́n gbé ojú sí fóònù. "Ó tó, Bọ̀ọ̀dá mi. Mi ò ní mú un lọ mọ́, mo ti gbọ́. Ẹ sinmi."

Bàbá mi ò sinmi. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, orúkọ mi ló ṣíwájú rẹ̀, ó sì ń há. Mo lọ jókòó sílẹ̀ ti àǹtí mi, àwa méjèèjì ò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.